Òkè-Mọ́sàn Tàbí Abà? Ìfiwéra Àwọn Ibi Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Abẹ́òkúta Ti Lè Kọ́ Ìlànà Ìjọba Lórí Iṣẹ́ Àgbẹ̀

Lọ́dọọdún, bí ó bá ti ku díẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, jáde fún ìmọ̀ọ́ṣe, ìyẹn àkókò tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá bá àwa tí a ti gba ibẹ̀ kọjá. Níbo ni ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ìjọba ṣe ń ṣètò ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, tí ó sì ní in lọ́kàn láti máa gbẹnu sọ fún àgbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, yẹ kí ó lọ jókòó sí? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rí gbà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: Òkè-Mọ́sàn. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì gómìnà wà, ibẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kóra jọ sí, ibẹ̀ náà ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wà, ó sì wuni láti de táì lọ síbẹ̀. N kò sọ pé ìdáhùn náà burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́kọ́ lọ síbi tí ó yẹ kí wọ́n gbẹ̀yìn lọ, tí wọ́n sì ń mú ìwé ẹ̀rí tí kò ní ìtàn kankan nínú bọ̀ wálé.

Iṣẹ́ méjì ni a máa ń dà pọ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn kò sì jọra. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ìlànà: ta ni yóò gba ajílẹ̀, èló ni ìjọba yóò yà sọ́tọ̀ fún un, òfin wo ló fàyè gbà á, ọwọ́ ta ni fáìlì rẹ̀ yóò gbà kọjá. Èkejì ni iṣẹ́ ìgbẹnusọ: kí a kó ẹ̀dùn ọkàn àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jọ, kí a wá ẹ̀rí tì í lẹ́yìn, kí a sì gbé e dé iwájú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó o. Abẹ́òkúta kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ kejì yìí. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń rántí nípa Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ni ọ̀rọ̀ owó orí, àti bí Aláké Adémọ́lá Kejì ṣe fi ààfin sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ owó orí tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrẹsì ti wà nílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn aṣojú ìjọba ń gba ìrẹsì mọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà lọ́wọ́. Àwọn obìnrin náà gbé ọ̀rọ̀ wọn wá, wọ́n kọ́kọ́ fi sun àwọn aláṣẹ. Nígbà tí ìyẹn kò yọrí sí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé ìròyìn Daily Service, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí gbígba ìrẹsì fi dáwọ́ dúró. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe tò tẹ̀léra: ẹ̀dùn, ẹ̀rí, aláṣẹ, ìwé ìròyìn. Nínú gbogbo ibi tí mo fẹ́ fi wéra yìí, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí ó lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n ni pé, kí ni ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe níbẹ̀, yàtọ̀ sí ohun tí ojú rẹ̀ yóò kàn rí. Kí ni yóò lè nawọ́ sí pé èyí ni mo ṣe lẹ́yìn tí ó bá kúrò. Àti èló ni yóò ná an ní owó ọkọ̀ àti ní àkókò. Àsìkò tún wà níbẹ̀. Ibi tí ó kún fún ẹ̀kọ́ ní oṣù Kọkànlá lè ṣófo bí ọjà alẹ́ tí òjò lé ní oṣù Kẹjọ.

Iléeṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, àti OGADEP

Ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni àwọn méjèèjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì máa ń rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn ni ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà, níbi tí a ti ń kọ ìlànà, tí a ti ń ṣètò ìṣúná, tí ìwé láti Àbújá kọ́kọ́ ń balẹ̀ sí. OGADEP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ó ń gbé ìmọ̀ tuntun dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ nípasẹ̀ àwọn olùkọ́ àgbẹ̀. Ó pín ìpínlẹ̀ sí ẹkùn mẹ́rin, èyí tí í ṣe Abẹ́òkúta, Ìlaròó, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìkẹ́nnẹ́.

Mo ti lo oṣù mẹ́ta rí ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Nínú oṣù mẹ́ta náà, mo mọ bí a ṣe ń fi nọ́ńbà sí ojú ìwé fáìlì, mo mọ ẹni tí ó fẹ́ràn àmàlà àti ẹni tí kì í jẹ ju ìrẹsì ọ̀fadà lọ bí àkókò oúnjẹ ọ̀sán bá tó, ṣùgbọ́n ìpàdé kan péré ni wọ́n pè mí sí, omi inú ọ̀rá ni wọ́n sì ní kí n pín níbẹ̀. Ẹ̀bi tèmi náà wà nínú rẹ̀. N kò béèrè ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́ fi mí sí kí n tó mú ìwé mi kalẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tí ó ń rí sí ètò, ìwádìí àti ìṣirò. Ẹ̀ka yẹn ni ó ń kó iye àgbẹ̀, iye hẹ́kítà àti iye owó jọ, ẹ̀ka yẹn náà ni kọmíṣọ́nnà máa ń yíjú sí bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú gómìnà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba láìbéèrè ẹ̀ka yìí, ibi tí àyè bá ṣí sílẹ̀ ni wọn yóò fi í sí.

Ohun mìíràn tí ó ń ya akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò jàǹfààní sọ́tọ̀ ni ohun tí ó ti kà kí ó tó dé ibẹ̀. Láti ọdún 2011, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán: èyí tí Akínwùmí Adéṣínà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ mínísítà, tí àwọn àgbẹ̀ ń gba ìwé-ẹ̀tọ́ ajílẹ̀ lórí fóònù, èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2016, àti NATIP tí a ṣe fún ọdún 2022 sí 2027. Ẹni tí ó bá ti ka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè béèrè ìbéèrè tí yóò mú kí àgbà òṣìṣẹ́ gbé gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀: kí ni ẹ gbé láti inú ti àtijọ́ wọ inú ti tuntun, kí sì ni ẹ fi sílẹ̀? Bí ẹ bá lè rí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní kí àwọn oníbúrẹ́dì máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá 10 nínú 100 mọ́ fúláwà, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àṣẹ náà láàárín Àbújá àti ilé búrẹ́dì. Ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn tó ẹ̀kọ́ odindi sáà kan.

Ní ti OGADEP, ìṣòro fáìlì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ibẹ̀ ní ẹsẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lépa níbẹ̀ ni ìpàdé tí àwọn olùwádìí ti ń gbé ohun tuntun wá, tí àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ sì ti ń gbé ohun tí àgbẹ̀ ń ráhùn lé lórí wá. Ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ pé irúgbìn tí ìwé pè ní àgbàyanu kò hù ní abà kan, tàbí pé ajílẹ̀ dé lẹ́yìn tí àgbàdo ti yọ irùkẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, OGADEP ni mo máa ń darí ẹni tí kò tíì sún mọ́ àgbẹ̀ rí sí. Iléeṣẹ́ kọmíṣọ́nnà yẹ fún ẹni tí ó ti ní ìbéèrè lọ́wọ́.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin

Èyí ni ibi tí ó wu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Aṣòfin 26 ni ó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìgbìmọ̀ kan sì wà láàárín wọn tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè bá akọ̀wé ìgbìmọ̀ ṣiṣẹ́, ó sì lè bá aṣòfin kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka àwọn méjèèjì sí ohun kan náà. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Òun ni àwọn ìwé àbá tí ará ìlú kọ wá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ni ó ń kọ ìròyìn ìgbìmọ̀, bí aṣòfin bá sì lọ, òun yóò ṣì wà níbẹ̀. Aṣòfin ní tirẹ̀ ní àwọn ará ẹkùn rẹ̀ láti tẹ́ lọ́rùn, bí ọdún ìdìbò bá sì ti ń súnmọ́lé, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá kọ́ òfin lè bá ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń to fìlà àti aṣọ ẹgbẹ́ sínú àpò. Bí wọ́n bá ní kí n yàn, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni mo máa yàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ohun tí a ń rí kọ́ níbẹ̀ kò sí níbòmíràn ní Abẹ́òkúta. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ojú rẹ̀ rí i bí àbádòfin ṣe ń gba kíkà àkọ́kọ́ àti kíkà kejì, bí ó ṣe ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀, bí a ṣe ń pe ará ìlú síbi ìpàdé ìtagbangba, àti bí ó ṣe ń padà wá fún kíkà kẹta kí ó tó lọ sí tábìlì gómìnà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin sì tún dìbò fún un, ó ti di òfin nìyẹn. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, aṣòfin 18 ni ìdá méjì nínú mẹ́ta náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lè ka èyí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó níbi ìpàdé ìtagbangba, tí ó gbọ́ bí olórí àwọn darandaran, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ àti agbẹjọ́rò ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí gbólóhùn kan náà, tí gbólóhùn náà sì yí padà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ni ó mọ ohun tí à ń pè ní ìlànà. Nígbà tí Ilé náà ń ṣe òfin lórí dída ẹran jẹ̀ ní gbangba ní ọdún 2021, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn abà tí ó yí ilé ẹ̀kọ́ wa ká gan-an. Bí irú àbádòfin bẹ́ẹ̀ bá tún wọlé, kí akẹ́kọ̀ọ́ má dúró de ìgbà ìmọ̀ọ́ṣe kí ó tó lọ jókòó sí ẹ̀yìn yàrá náà.

Àsìkò ni ó ń ba ibẹ̀ jẹ́ tàbí kí ó tún un ṣe. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí di ìparí ọdún, àbá ìṣúná ọdún tí ń bọ̀ a máa wà níwájú Ilé, iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan a sì máa wá ṣàlàyé ohun tí ó fi owó tó kọjá ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní àsìkò yẹn sàn ju oṣù mẹ́fà lọ ní ìgbà tí Ilé bá wà ní ìsinmi. Kò sí owó oṣù níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, owó ọkọ̀ láti Alábàtà, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ wa wà, sí Camp, láti Camp sí Kútọ̀, láti Kútọ̀ sí Òkè-Mọ́sàn sì ń gun orí ara wọn, kí a má tíì sọ ti aṣọ tí ó bá ibẹ̀ mu.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní abà

Ibi tí mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá wà, bí AFAN tí ó kó gbogbo àgbẹ̀ pọ̀, àti ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn adìẹ, àwọn ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ àti àwọn onírẹsì. Àwọn kékeré sì wà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní abà, tí kì í ju ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn lọ, tí wọ́n ń ṣe ìpàdé lábẹ́ igi tàbí ní yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n tọ́ka sí ibi kan fún ẹni tí ó fẹ́ di agbẹnusọ, ẹgbẹ́ kékeré ni, ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá, Ìlugùn tàbí Ọbáfẹ́mi-Òwòdé, ipò tí mo sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà níbẹ̀ ni ti igbákejì akọ̀wé.

Ìdí mi kò lọ́jú pọ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ abà ní jù ni ẹ̀dùn. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n fún wọn jù ni ẹni tí yóò kọ ẹ̀dùn náà sílẹ̀ lọ́nà tí ọ́fíìsì yóò fi lè ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ní Òkè-Mọ́sàn, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kéré jù nínú yàrá. Ní abà, òun nìkan ni ó lè sọ ohun tí ìpàdé bá fẹnu kò sí di lẹ́tà olójú ìwé kan, pẹ̀lú iye àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, iye oko tí ó bàjẹ́, ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, àti ohun kan pàtó tí wọ́n ń béèrè. Lẹ́tà tí ó ní ìdáhùn, bí ìdáhùn náà tilẹ̀ jẹ́ pé “a ti rí ìwé yín gbà,” wúwo ju ìwé ẹ̀rí lọ lọ́wọ́ ẹni tí ń wá iṣẹ́.

Èkejì ni pé ibẹ̀ ni ìlànà ti ń fi ojú rẹ̀ gan-an hàn. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀, ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí tí wọ́n sì sọ ni fàyàwọ́ ìrẹsì. Lórí ìwé, ìrànlọ́wọ́ fún àgbẹ̀ ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, iléeṣẹ́ aṣọ́bodè tún pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo kankan tí kò bá tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kò ṣí padà títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ẹ wá fi ojú inú wo obìnrin kan ní agbègbè Yewa tí ó ń fi ẹ̀rọ elépo rin ẹ̀gẹ́: òfin tí a ṣe lórí ìrẹsì ti di òfin lórí gààrí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ọ́fíìsì lè má rí ìsopọ̀ yìí láéláé, kì í ṣe nítorí pé kò gbọ́n, bí kò ṣe pé fáìlì ìrẹsì àti fáìlì epo kì í gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gbìn ló mọ̀ ọ́n sórí fún ìdánwò. Ìgbà tí bàbá arúgbó kan bá mú òpó ààlà oko rẹ̀ hàn yín, tí ó sì bi yín pé ọ̀dọ̀ ta ni kí òun lọ, ni ẹ ó mọ bóyá ẹ mọ òfin náà ní tòótọ́.

Ó ní ewu tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí alága wọn nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́, tí káàdì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìjọba bá ń pín nǹkan, tí kò sì sí ìpàdé lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀nà tí a fi ń dá wọn mọ̀ rọrùn: ẹ béèrè ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé mẹ́ta tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, ẹ sì béèrè orúkọ akápò. Bí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Ewu kejì ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ti ń wá. Àwọn àgbẹ̀ tí ó yí Abẹ́òkúta ká ti rí ìwé ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ tó. Wọ́n ti dáhùn iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye ebè tí wọ́n kọ lọ́pọ̀ ìgbà láìrí ẹni tí ó padà wá sọ àbájáde rẹ̀. Nítorí náà, kí ìwé ìbéèrè má ṣe jáde nínú àpò ní oṣù àkọ́kọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀ fún àwọn bàbá àti ìyá tí ó bá níbẹ̀, kí ó bá wọn to bẹ́ńṣì, kí ó sì dákẹ́. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí kò sọ ju “ẹ kú ìpàdé” lọ fún ìpàdé mẹ́ta, ní ẹ̀kẹrin, ìyá kan ló fúnra rẹ̀ sọ pé, “Ọmọ wa yìí mọ̀wé, ẹ jẹ́ kó bá wa kọ ọ́.” Láti ọjọ́ yẹn ni ìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Owó ọkọ̀ abà lè pọ̀ bí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀kadà sì ni ó sábà máa ń parí ìrìn náà. Ṣùgbọ́n ìpàdé kì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni, èyí tí ó mú kí ó ṣeé ṣe fún ẹni tí ó ṣì ń gba ẹ̀kọ́ ní kíláàsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gbìn tí ó wà ní ọdún kẹrin, tí wọ́n ń ṣe ọdún iṣẹ́ oko tí a ń pè ní FPY, ti wà lẹ́bàá àgbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé díẹ̀ nínú wọn ló máa ń béèrè ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àdúgbò ń pàdé.

Rédíò

Ilé ẹ̀kọ́ ní FUNAAB Radio ní 89.5, ìjọba ìpínlẹ̀ ní OGBC, àwọn méjèèjì sì ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Ẹ má ṣe rò pé àwọn tí ó fẹ́ di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nìkan ni ó wà fún. Kò sí ìdánwò tí ó le fún ẹni tí ó sọ pé òun mọ ìlànà ju kí wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti ṣàlàyé ìṣúná ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ fún ẹni tí ń gbọ́ rédíò lórí ebè. Gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá tí a fi ń bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀ ní kíláàsì ni yóò ṣubú. Ohun tí ó tún dára níbẹ̀ ni ìpè olùgbọ́: láàárín wákàtí kan, ẹ ó gbọ́ ohun tí ó ń dun àgbẹ̀ láti Ìmẹ̀kọ dé Ìjẹ̀bú. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nípa rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ a máa parí lórí afẹ́fẹ́. Àyàfi bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ ìráhùn tí ó bá wọlé sílẹ̀, tí ó sì ń gbé e lọ fún ẹni tí ó kàn, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà dúró sí ìdajì.

Ìjọba ìbílẹ̀, ìwádìí olùkọ́, àti iṣẹ́ orí fóònù

N kò ní pẹ́ lórí àwọn yìí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ní Àfikún Kẹrin, fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa láti bá ìjọba ìpínlẹ̀ kópa nínú ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, síbẹ̀ kò wọ́pọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè fún ẹ̀ka ọ̀gbìn ní sẹkitéríàtì Ọ̀dẹ̀dá. Iṣẹ́ ibẹ̀ lè má pọ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ ó rí ọ̀gá ẹ̀ka fúnra rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, kò sì jìnnà sí Alábàtà.

Bíbá olùkọ́ kó èsì ìwádìí jọ dára fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí a ṣe ń kó iye jọ, ó sì ṣeé ṣe kí owó díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí ni, kì í ṣe ìgbẹnusọ, àyàfi bí olùkọ́ náà bá jẹ́ irú ẹni tí ń gbé àbájáde lọ sọ́dọ̀ aláṣẹ. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbà.

Ní ti iṣẹ́ orí fóònù, ó wà fún ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ rárá. Ní ọdún 2003, ní ìlú Maputo, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣèlérí pé àwọn yóò máa ya ìdá 10 nínú 100 ìṣúná sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n tún ìlérí náà sọ ní Malabo ní ọdún 2014. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wá ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó ṣírò ìdá tí ó jẹ́ ti àgbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tẹ̀léra, kí ó sì ya iye tí a kọ sọ́tọ̀ kúrò lára iye tí a ná ní tòótọ́, nítorí pé àárín àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ìwé kan bá ṣòro láti rí, òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti béèrè rẹ̀ láìsọ ìdí, ọjọ́ méje sì ni iléeṣẹ́ ìjọba ní láti fi dáhùn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ọ́ ní ọdún 2025 pé òfin náà de àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Oríṣi ìwé bẹ́ẹ̀ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ó sì tẹ̀lé dé òpin, ti jẹ́ ìmọ̀ọ́ṣe.

Bí àkókò yín bá ṣe rí

Fún ẹni tí ó ní oṣù mẹ́fà ti SIWES, ètò ìmọ̀ọ́ṣe ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, OGADEP ni kí ó fi ṣe ibùjókòó, nítorí pé ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ó sì fi ẹgbẹ́ abà kan kún un ní ọjọ́ ìpàdé wọn. Olùkọ́ àgbẹ̀ tí ó bá ń bá ṣiṣẹ́ ni yóò mú un mọ ẹgbẹ́ náà, ìyẹn nìkan sì ti gbà á lọ́wọ́ ìfura tí àjèjì máa ń bá pàdé. Fún ẹni tí ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ìparí ọdún, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbìmọ̀, kí ó sì ti ka ìṣúná ọdún tí ó kọjá kí ó tó wọlé. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà bá bọ́ sí àárín ọdún, rédíò ni. Ẹni tí ó ní ọjọ́ Sátidé nìkan ti mọ ibi tí mo máa ní kí ó lọ.

Bí ẹ bá sì ti pinnu láti lọ sí Òkè-Mọ́sàn pátápátá, ẹ gba ìwé ìfinihàn láti ẹ̀ka yín ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta dání, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ sí ara ọ̀kan ní ọjọ́ tí ẹ bá fi í sílẹ̀, nítorí pé ìwé máa ń sọnù. Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tí ó gbà á, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í ní ìbéèrè kan: ìpàdé wo ni akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sí láàárín oṣù tí mo máa fi wà níhìn-ín? Bí ó bá dárúkọ ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ní kò sí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Kútọ̀, kí ẹ sì wọ mọ́tò Ọ̀dẹ̀dá.